Ẹ Wo Lẹ́tà Iwájú Ná

Gbogbo ẹni tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá òun tẹ ọ̀rọ̀ Scrabble jáde, géèmù tí wọ́n ń fi táìlì onílẹ́tà to ọ̀rọ̀ sórí bọ́ọ̀dù, ohun kan náà ni wọ́n máa ń bèèrè: Àǹtí, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ gígùn. Wọ́n ń fẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ́tà méje, mẹ́jọ, èyí tí wọ́n á tò sórí bọ́ọ̀dù tí gbogbo èèyàn á pariwo yéè. Mo máa ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ ṣá o, ọjà ni, àmọ́ mi ò lè dákẹ́, mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ fi ọ̀rọ̀ gígùn yẹn sílẹ̀ ná, ẹ kọ́kọ́ lọ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Torí nínú géèmù ọ̀rọ̀, Scrabble ni o, krọ́sìwọ́ọ̀dù inú ìwé ìròyìn ni o, tàbí èyí tí wọ́n ń to lẹ́tà ní roboto lórí fóònù, ẹni tó bá ti rí lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ mú, èyí tó kù ò le mọ́.

Ọ̀nà Òkè-Fìà ni mo wà níbí l'Óṣogbo, kọ̀ǹpútà, fọ́tòkọ́pì, láámínéètì, fọ́ọ̀mù JAMB, gbogbo wàhálà yẹn. Fọkanáísà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Bọ̀dá Táyà là ń pè é, ìdí iṣẹ́ ẹ̀ ni Scrabble ti máa ń lọ tó bá ti dìrọ̀lẹ́. Bọ̀dá Táyà ò lọ yunifásítì kankan, síbẹ̀ òun ló ń na àwọn ọmọ Uniosun tó ń wá jókòó tì í, àwọn tí girama wọn pọ̀ ju tiẹ̀ lọ fíìfíì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí Scrabble ni mo ti kọ́kọ́ mọ agbára lẹ́tà iwájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe pírámárì ní Nàìjíríà, ẹ ó rántí Name, Animal, Place and Thing. Ẹ ó fa ìlà sínú ìwé, gbogbo yín á na ìka sílẹ̀, ẹnì kan á máa fi ABC ka ìka yẹn lọ, ibi tó bá parí sí, lẹ́tà yẹn lẹ ó fi wá orúkọ èèyàn, ẹranko, ìlú àti nǹkan. Tí ohun tó o kọ bá dá yàtọ̀, póìǹtì mẹ́wàá, tẹ́lòmíì bá kọ irú ẹ̀, márùn-ún. Níbi márùn-ún yẹn gan-an lọgbọ́n wà. Tó bá bọ́ sí O, gbogbo kíláàsì ló máa kọ Òṣogbo, wọ́n á wá máa gba márùn-ún márùn-ún. Èmi á kọ Òkukù, torí ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá ìyá mi sí, mo máa gba mẹ́wàá mi. Níbi ẹranko, owl àti ostrich ni tiwọn, èmi á kọ okapi tí mi ò rí rí, inú ìwé jọ́gíráfì bọ̀dá mi ni mo ti jí i. Tó bá wá kan X, ìjà ti dé nìyẹn. Xavier ni gbogbo èèyàn fi ń ṣe orúkọ, xylophone ni nǹkan, ìlú ò sí, ẹranko ò sí, ẹnì kan á kọ X-ray fish, àwọn yòókù á ní kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé á fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Mo ti di ìyá ọlọ́mọ kí n tó mọ̀ pé xerus wà, ọ̀kẹ́rẹ́ kan báyìí ni, ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ló sì ń gbé, ó wà nínú díṣọ́nárì Scrabble rẹ́rẹ́. Ojú wa rí màbo nítorí X lásán!

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ń ṣe é báyìí. Díṣọ́nárì Collins tí wọ́n ń fi ta Scrabble lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ lé ní 270,000. Ta ló fẹ́ há gbogbo ìyẹn sórí? Àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ láti A, wọ́n á ka aa, aah, aardvark, wọ́n á kà á kà á títí á fi sú wọn, kì í sì í pẹ́ tó fi ń sú wọn, mi ò tíì rí ẹni tó dé D nínú wọn. Ìdí tí gbogbo èèyàn fi mọ ọ̀rọ̀ A tí ẹnikẹ́ni ò fi mọ ti Y nìyẹn. Èmi yí i po, ibi tí ọ̀rọ̀ ò pọ̀ sí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. X ló kéré jù, mo ka tiẹ̀ tán láàárín kọ́sítọ́mà kan sí èkejì, mo wá bọ́ sórí Q, Z, Y àti J. Ẹ wá wò ó, àwọn lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ wọn ò pọ̀ yìí náà ni póìǹtì wọn pọ̀, Q àti Z mẹ́wàá mẹ́wàá, J àti X mẹ́jọ mẹ́jọ, torí náà ìwé kékeré lẹ ó kà, èrè ńlá lẹ ó jẹ. S ló nípọn jù nínú gbogbo díṣọ́nárì, ẹ̀yìn pátápátá ni mo fi í sí, mi ò tíì kà á tán dòní, kò sì dùn mí.

Q yẹn ní tiẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́ wa ní skúùlù ni pé U ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ bi àwọn tó ń ta Scrabble. Qi wà, qat wà, qadi, qaid, qanat, qoph. Èyí tó tún dùn mọ́ mi jù ni niqab àti burqa àti faqir, torí èèyàn tó bá ti gbé Òṣogbo rí, tó mọ Mùsùlùmí láyìíká, á rí niqab lójoojúmọ́, ó kàn lè má ronú pé òun lè tò ó sórí bọ́ọ̀dù ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì. Bọ̀dá Táyà kọ gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn páálí, ó gbé e kọ́ sára igi, lẹ́tà iwájú lápá òsì, àwọn tó lè tẹ̀ lé e lápá ọ̀tún. Lẹ́tà A ní 16: aa, ab, ad, ae, ag, ah, ai, al, am, an, ar, as, at, aw, ax, ay. Lẹ́tà O ní 17. C ní ẹyọ kan péré, ch. Q náà ní qi nìkan. V ò ní rárá, bẹ́ ẹ fi síwájú bẹ́ ẹ fi sẹ́yìn, kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì tó ní V nínú, torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dí ojú ọ̀nà mọ́ ẹnì kejì yín, ẹ wá ibi tó dáa fi V sí, ibẹ̀ á gan. Àwọn ọmọ Uniosun máa ń bá a jiyàn pé ọ̀rọ̀ tí ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀, báwo ló ṣe ń tò ó. Ọ̀kan bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bọ̀dá, kí ni wọ́n ń pè ní qi gan-an?" Ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní, "Póìǹtì mọ́kànlá."

A rẹ́rìn-ín ṣá, àmọ́ kì í ṣe àwàdà lásán. Lọ́dún 2015, Nigel Richards, ọmọ New Zealand, lọ gba ife àgbáyé Scrabble tí wọ́n fi èdè Faransé ta, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ Faransé. Ọ̀rọ̀ inú díṣọ́nárì wọn ló há sórí. Lọ́dún yẹn náà, lóṣù kọkànlá, ni Wellington Jighere tiwa lọ na Lewis Mackay ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 4-0 ní ìlú Perth ní Australia, tó fi di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n mọ àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ́ ni pé wọn kì í sáré tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ gígùn ní dandan, ọ̀rọ̀ kúkúrú bíi lẹ́tà márùn-ún ni wọ́n ń tò, kí táìlì tó dáa lè kù sí wọn lọ́wọ́. Bọ̀dá Táyà máa ń sọ ìtàn yìí bíi pé ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n ti wá kọ́ ọ.

Ibi témi ti ń rí wọn mú ni iwájú ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀. Ẹ̀yìn ni gbogbo èèyàn máa ń wò, S ni wọ́n ń wá láti lẹ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ S mẹ́rin péré ló wà nínú táìlì 100. Alfred Butts, ará Amẹ́ríkà tó ń yàwòrán ilé, tó dá géèmù yìí sílẹ̀ láwọn ọdún 1930, ìwé ìròyìn New York Times ló jókòó kà lẹ́tà lẹ́tà kó tó mọ iye tí òun máa fi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá mọ̀ọ́mọ̀ dín S kù kó má baà rọ̀ wá lọ́rùn jù. Kò dín iwájú kù. Tẹ́ ẹ bá rí late nílẹ̀, p á wọ iwájú ẹ̀, s á wọ̀ ọ́, e á wọ̀ ọ́. Earn á di learn, á di yearn. Row ńkọ́? Brow, crow, grow, prow, trow. Range tẹ́lòmíì tò tó ń yangàn, ẹ fi o síwájú ẹ̀, ó ti di ọsàn. Mo máa ń ka ABC sínú ni, látorí A dé Z, mò ń gbé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síwájú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, ètè mi á máa mì, wọ́n á ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà ti ń gbàdúrà.

Tó bá wá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ gígùn yẹn náà lẹ fẹ́ ṣá, iwájú náà ni kẹ́ ẹ tún ti mú un. Tí RE, OUT, OVER tàbí MIS bá wà nínú táìlì méje tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ kó o sápá òsì ráàkì, igi tẹ́ ẹ to táìlì lé, kẹ́ ẹ wá fi ìyókù wá ọ̀rọ̀ ìṣe. OUT ò kì í já mi kulẹ̀: outrun, outsing, outeat, ohun gbogbo tẹ́ ẹ bá lè fi ju ẹlòmíì lọ. UN lẹ máa ṣọ́ra fún. Undo wà, ungo ò sí, kẹ́ ẹ má sì fi ẹnu Òyìnbó yín dájọ́, wọ́n á pè yín ní ṣálẹ́ńjì, ọ̀rọ̀ yín á kúrò nílẹ̀, ẹ ó pàdánù ìgbà yín.

Ti fóònù, mi ò ní sọ púpọ̀. Àwọn ibì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ lè tẹ lẹ́tà iwájú àti iye lẹ́tà tẹ́ ẹ ń fẹ́ sí, á kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà jáde fún yín. Ó dáa fún krọ́sìwọ́ọ̀dù, torí níbẹ̀ ẹ ti mọ iye ilé tó wà nílẹ̀. Wordle náà, géèmù tẹ́ ẹ ti ń méfò ọ̀rọ̀ kan, lẹ́tà márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ ní láti gbìyànjú, S ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn jù, èmi kì í jẹ́ kí ìgbà kejì kọjá kí n tó dán an wò. Ṣùgbọ́n nídìí bọ́ọ̀dù, ẹni tó bá yọ fóònù, Bọ̀dá Táyà á gbà á, á jù ú sínú omi tó fi ń wá ibi tí táyà ti ń jò. Ó máa ń sọ ọ́ ṣá, a ò tíì rí i kó ṣe é.

Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń há àwọn ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́ta sórí tó jẹ́ pé ọmọ Yorùbá nìkan ló lè lò ó. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú díṣọ́nárì yẹn tó jọ tiwa tí wọ́n bá bọ́ àmì lórí ẹ̀: obe, obi, ewe, ago, ado, ore, oke, eke, ere. Ohun tí Òyìnbó fi ń ṣe ò kàn mí. Oba ni tiwa gan-an, ọba aládé ni wọ́n fi túmọ̀ ẹ̀, orisha náà wà níbẹ̀. Torí náà tí lẹ́tà mi bá kún fún fáwẹ̀lì, tí mo ní O àti E tó pọ̀ tí kò sí ọ̀nà, ojú Yorùbá ni mo fi ń wò ó, ọ̀pọ̀ ìgbà ni nǹkan máa ń jáde.

Bàbá Tíṣà ló wá kó wa sí wàhálà Yorùbá fúnra ẹ̀. Hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá, ó wá ṣe fọ́tòkọ́pì lọ́dọ̀ mi, ó bá wa nídìí bọ́ọ̀dù, ó ní, "Ṣé ti Òyìnbó nìkan lẹ mọ̀ ọ́n tò ni?" A ní rárá sà, a lè fi Yorùbá ta á. La bá yọ Q, X, Z, C àti V kúrò, táìlì méje lọ. Mo fi bírò sàmì sábẹ́ àwọn E kan àti O kan, S méjì di Ṣ. Àmì ohùn, Bàbá ní ká fi í sílẹ̀ ná. Kò pẹ́ rárá tí K fi tán, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú Scrabble Òyìnbó. Yorùbá láìsí K, kí lèèyàn fẹ́ sọ? B méjì, G mẹ́ta, ẹ kọ ẹ̀gbá kan, ẹ kọ àgbò kan, B ti parí. Bàbá tún ní gb ò gbọ́dọ̀ gba ilé méjì, lẹ́tà kan ni, ilé kan ni tiẹ̀. A pa á tì, a lọ gé páálí, a bẹ̀rẹ̀ ti ara wa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdí páálí yẹn ni mo ti wá rí i pé lẹ́tà iwájú ní Yorùbá ń sọ̀rọ̀ ju ti Òyìnbó lọ. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó tó fi B bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ ohunkóhun. Ní tiwa, tí fáwẹ̀lì bá wà níwájú, orúkọ nǹkan lẹ ó kọ́kọ́ rò: igi, ewé, omi, ẹja, àga, ọ̀nà. Tó bá jẹ́ kọ́ńsónáǹtì, ọ̀rọ̀ ìṣe ni: lọ, wá, jẹ, gbé, sùn. Ẹ wá mú ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn, ẹ fi ì síwájú ẹ̀, orúkọ ti jáde, ìlọ, ìṣe, ìwà. Ẹ fi àì síwájú ẹ̀, àìlọ, àìṣe. Ti oní ló dáa jù, torí ó máa ń para dà gẹ́gẹ́ bí ohun tó tẹ̀ lé e: aláṣọ, elépo, ẹlẹ́ja, ọlọ́jà, onígi. Ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá rí ẹl níbẹ̀rẹ̀ krọ́sìwọ́ọ̀dù Yorùbá, ẹ̀yin ti mọ̀ pé ẹ mìíì ló ń bọ̀ lẹ́yìn, ilé mẹ́ta ti kún lọ́fẹ̀ẹ́.

U nìkan ló dá ìjà sílẹ̀. Bàbá Tíṣà ní kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó fi U bẹ̀rẹ̀. Màmá oníràísì tó wà lódìkejì, ọmọ Iléṣà, ti gbọ́. Ó ní, "Ulé ńkọ́ sà? Uṣu ńkọ́? Àwa ò kí í ṣe Yorùbá ni?" Bàbá ní màmá ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, Yorùbá inú ìwé la fi ń ta á. Màmá ní kò burú, ẹni tó bá ti yọ U òun kúrò kó lọ máa jẹ ìrẹsì inú ìwé. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ la fi U sí i.

Nígbà tó di ọlidé gígùn, oṣù kẹjọ tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun ń wọ̀lú, mo kó Name, Animal, Place yẹn lọ fún àwọn ọmọ tí Bàbá Tíṣà ń kọ́ níwèé, ní Yorùbá: Orúkọ, Ẹranko, Ìlú, Nǹkan. Tó bá jẹ́ fáwẹ̀lì, ìlú ò wọ́n wọn, Ẹdẹ, Ìwó, Ìkìrun, Ìlá, Ẹjìgbò, Ìrágbìjí, wọ́n á máa pariwo ẹ̀ lu ara wọn. Kọ́ńsónáǹtì ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. M, Modákẹ́kẹ́. F, Fìdítì. Ṣ, Ṣakí tàbí Ṣàgámù. G dé, ọmọbìnrin kan fò sókè, Gbọ̀ngán! Bàbá ní rárá o, gb ni Gbọ̀ngán fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe g. Ọmọ yẹn sunkún gidi. Ìyá ẹ̀ wá bi wá lọ́jọ́ kejì pé Gbọ̀ngán tí mọ́tò ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, lẹ ní kò sí.

Ti ẹranko rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ, torí àwọn tí orúkọ wọn fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló ń tún ara wọn pè: labalábá, lékèélékèé, tòlótòló, pẹ́pẹ́yẹ. Lẹ́yìn tí mo ti sọ ìyẹn fún wọn, ẹnu wọn ò dúró mọ́.

Ibi nǹkan ni ọmọkùnrin kan ti fẹ́ ba géèmù jẹ́. Ó ti já a pé ọ̀rọ̀ ìṣe èyíkéyìí tó bá ti sọ di méjì, orúkọ nǹkan ni. J, jíjẹ. M, mímu. S, sísùn. R, rírà. Lẹ́tà tó bá dé, ó ti kọ ọ́ tán kí àwọn yòókù tó gbé bírò. Wọ́n ní ó ń rẹ́ àwọn jẹ, ó ní kí wọ́n fi ibi tí òfin ti kọ̀ ọ́ han òun. Èmi gbè sẹ́yìn ọmọ yẹn o, torí ohun tí mò ń wí látàárọ̀ ló ṣe yẹn. Bàbá Tíṣà ló dájọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn lè lo irú ẹ̀ nínú géèmù kan, kó yáa fi pamọ́ de lẹ́tà tó bá le jù.

H sì ni lẹ́tà tó le jù. Mo ti ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sórí kọ̀ǹpútà báyìí, lẹ́tà kan ojú ewé kan. Kọ̀ǹpútà ò mọ gb, àárín ga àti ge ló máa ń kó wọn há, ọwọ́ ni mo fi ń kó wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé A ti kún, Ọ ti kún, ti U kún fún ti màmá oníràísì. Ti H ṣì fúyẹ́, híhó, híhù, híhun, híhá, gbogbo ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe tá a sọ di méjì. Ẹni tó bá mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó kó mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo máa bá a tẹ gbogbo ìwé yẹn jáde lọ́fẹ̀ẹ́, owó pépà nìkan ló máa san.